Ta Ni Ẹni Yìí? Káàdì Kékeré Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọ́tò Àtijọ́

  

Ìpàtẹ fọ́tò àtijọ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ilé ìpàtẹ àwòrán rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Fọ́tò á wà lára ògiri, iná á tàn sí i rekete, àwọn èèyàn á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á káwọ́ gbera bí ẹni tó wá kí òkú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà, ẹ máa rí káàdì funfun kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ. Orí káàdì yẹn ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò sí, ọdún tó yà á, àti ẹni tó ni ín báyìí. Fọ́tò làwọn èèyàn bá wá síbẹ̀. Èmi ní tèmi, káàdì yẹn ni mo fẹ́ ká jọ kà, torí ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti New York, lọ́dún 1991. Ilé ìpàtẹ kan tó ń jẹ́ Center for African Art ṣe ìpàtẹ ńlá kan níbẹ̀, Africa Explores ni wọ́n pè é, Susan Vogel ló sì ṣètò rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n kó wá ni àwọn fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun kan láti Bamako, olú ìlú Màlì. Fọ́tò tó rẹwà ni. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ múra dáadáa, wọ́n jókòó bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀. Káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá sọ pé a kò mọ ẹni tó yà wọ́n.

Ìbéèrè mi ni pé, ta ni “a” yẹn? Torí pé Bamako mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ya àwọn fọ́tò náà ṣì wà láàyè nígbà yẹn, ó ń jẹun nílé rẹ̀ ní Bamako, àwọn tó ti ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀ sì kún ìgboro. Seydou Keïta lorúkọ rẹ̀. André Magnin, ará Faransé kan tó ń bá olówó kan tó ń jẹ́ Jean Pigozzi kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà jọ, ló gbéra lọ síbẹ̀ láti wádìí. Onífọ́tò mìíràn nílùú náà, Malick Sidibé, tí òun alára wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà, ló júwe Keïta fún un. Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, Fondation Cartier ní Paris ti ṣe ìpàtẹ fún Keïta lórúkọ ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n pè ní “a kò mọ̀” lọ́jọ́ kìíní ò ju “a kò tíì béèrè” lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró lọ́dọ̀ bàbá yìí díẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ dùn ún gbọ́. Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí i. Káfíńtà ló kọ́kọ́ jẹ́. Lọ́dún 1935, arákùnrin bàbá rẹ̀ ti Senegal dé, ó sì mú kámẹ́rà Kodak Brownie kan wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1948, ó ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní Bamako-Coura. Oníbàárà tó bá wá lè rí kóòtù àti táì wọ̀, ó lè rí aago ọwọ́, rédíò, kódà ó lè gun Vespa fún fọ́tò nìkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin náà ti dúró síwájú mọ́tò tí kì í ṣe tiyín rí kẹ́ ẹ tó fi fọ́tò sórí Instagram.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ aṣọ ẹ̀yìn. Aṣọ tí wọ́n ń ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ni mò ń sọ. Aṣọ tó wà lórí ibùsùn Keïta fúnra rẹ̀, èyí tó ní ìṣẹ́ṣọ́ létí, ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á pa á tì, á ta òmíràn. Nígbà tí wọ́n wá ń bi í ní ọjọ́ ogbó pé ọdún wo ló ya fọ́tò báyìí, aṣọ ẹ̀yìn ló ń wò. Tó bá rí ti ibùsùn, ó mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Tó bá rí olódòdó, ó mọ ìgbà tó jẹ́. Kàlẹ́ńdà rẹ̀ nìyẹn, ara ògiri ló gbé e kọ́.

Màlì gba òmìnira lọ́dún 1960. Ìjọba ní kí Keïta wá máa ya fọ́tò fún ìjọba, nígbà tó sì yá, ó ti sítúdíò rẹ̀ pa. Àmọ́ ó tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gẹ́tíìfù. Inú nẹ́gẹ́tíìfù wọ̀nyẹn ni wọ́n ti wá tẹ àwọn fọ́tò gàgàrà tó wà nínú àwọn ilé ìpàtẹ lónìí. Èyí tí oníbàárà gbé lọ sílé nígbà náà kò ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan mú lọ. Èyí tó wà ní Paris àti New York, òmíràn ju mítà kan lọ. Owó ńlá ń wọlé lórí wọn, débi pé lẹ́yìn tí Keïta kú lọ́dún 2001, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nẹ́gẹ́tíìfù dé kóòtù.

Ó dáa. Orúkọ onífọ́tò ti padà sórí káàdì. Ẹ wá wo ìlà kejì káàdì kan náà. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ fọ́tò sí, ohun tí ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ fọ́tò Keïta ni “Untitled”, ìyẹn ni pé kò lórúkọ. Obìnrin tó gbé aṣọ tó dáa jù lọ nínú àpótí rẹ̀ wọ̀, tó san owó, tó jókòó jẹ́ẹ́ kí oòrùn lè bọ́ sójú rẹ̀ bó ṣe yẹ, òun ni kò lórúkọ. Obìnrin yìí ní orúkọ. Wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ fún un.

Ẹ má bínú sí Keïta lórí èyí. Onífọ́tò àdúgbò kì í kọ orúkọ oníbàárà sójú fọ́tò, torí ta ló fẹ́ kọ ọ́ fún? Inú ilé ni fọ́tò náà ń lọ. Ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n máa gbé e kọ́ sí, gbogbo ẹni tó bá sì wọ pálọ̀ yẹn ló mọ ìyá àgbà. Orúkọ ò sí nínú fọ́tò torí pé ẹnu àwọn ará ilé ló wà. Ọjọ́ tí fọ́tò bá kúrò nílé ni orúkọ já bọ́.

Kí n lè fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó hàn yín, ẹ jẹ́ ká fi Màlì sílẹ̀, ká wá sílẹ̀ Yorùbá, sí Ìlá Ọ̀ràngún. Onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ síbẹ̀ ní 1975. Kò wá ya àwọn ará ìlú nìkan o, iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú fúnra wọn ló wá wò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978. Gbogbo wa la mọ ère ìbejì. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ, kí èyí tó lọ má bàa bínú, kó má sì wá mú èkejì rẹ̀. Ohun tí Sprague rí ni pé àwọn ìdílé kan ti ń fi fọ́tò ṣe é.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, tí yóò fi dà bíi pé ọmọ méjì jókòó tira wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló lọ tó jẹ́ obìnrin ló kù, wọ́n á ya ọmọbìnrin náà nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á sì tún un yà. Ojú kan, ọmọ méjì. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà, láìsí Photoshop, nínú yàrá dúdú tí ooru ń mú.

Fọ́tò yẹn kò parọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé apá ọ̀tún ni Táyé wà, apá òsì ni Kẹ́hìndé wà, wọ́n sì mọ èyí tó ti lọ. Orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ wá ro ó wò pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, ó dé ilé ìpàtẹ kan lókè òkun, wọ́n wá kọ “Ọmọ méjì, Nàìjíríà” sórí káàdì. Kò sí irọ́ kan pàtó nínú gbólóhùn yẹn tẹ́ ẹ máa fi mú ẹni tó kọ ọ́. Síbẹ̀, ọmọ tó kú ti tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń wo ògiri kò sì mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn irun, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí. J. D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó ni, ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Kámẹ́rà Brownie lòun náà fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1950. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn, inú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni wọ́n fi í sí. Lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, ó tún di onífọ́tò níbẹ̀. Èkó ló wá fi ṣe ilé. Láti ọdún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, ó sì ń yà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tó fi ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò irun nìkan. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, nígbà míì ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́. Fondation Cartier pàtẹ wọn ní Paris lọ́dún 2000. Bisi Silva, ẹni tó dá CCA Lagos sílẹ̀ ní Yábàá, wà lára àwọn tó gbé wọn lọ sí Helsinki lọ́dún 2011. Lọ́dún 2013, wọ́n dé Venice Biennale ní Ítálì. Bàbá kú ní oṣù Kejì ọdún 2014.

Iṣẹ́ ńlá ni. Irun kì í pẹ́ lórí, ẹ ẹ́ tú u láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi tí ẹnì kan bá yà á. Ká ní Ojeikere ò yà wọ́n ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn irun òwú wọ̀nyẹn ì bá ti wọlẹ̀ pẹ̀lú orí tó gbé wọn. Ó sì ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn: ó tọ́jú orúkọ irun. Ṣùkú wà níbẹ̀, Onílé Gogoro wà níbẹ̀, ní àkókò tí Cocoa House ti ń wo Ìbàdàn látòkè, tí ilé gíga jẹ́ ohun tí èèyàn lè gbé sórí fi yangàn. Ẹ bi àwọn ìyá yín nípa irun tí wọ́n ń pè ní Eko Bridge, kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn. Ìwé ìròyìn làwọn irun yẹn jẹ́ nígbà náà. Ohun tuntun kò ní wọ ìlú kó má dé orí obìnrin.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sídìí káàdì wa. Orúkọ onífọ́tò wà níbẹ̀. Orúkọ irun wà níbẹ̀. Ọdún wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, orúkọ obìnrin tó ni orí ò sí níbẹ̀. Ẹnì kejì tún wà tí a kì í tiẹ̀ rántí wá: onídìrí. Ẹni tó ya irun sí ọ̀nà, tó fi òwú dúdú wé e ní ìdì kọ̀ọ̀kan, tó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, tó so ó pọ̀ lókè tó fi dúró bí ilé alájà mẹ́ta, tí ẹ̀yìn ń dùn ún látàárọ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àwọn fọ́tò wọ̀nyí máa ń sọ pé irun náà dà bí ère. Mo gbà. Tó bá dà bí ère, ta ni agbẹ́gilére? Mi ò bá bàbá jà o, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó yà á, ó sì yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìpàtẹ bá ń pe ohun kan ní iṣẹ́ ọnà, tó sì jẹ́ pé èèyàn méjì ló fi ọwọ́ ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún ku èyí tó burú ju àìlórúkọ lọ, òun ni kí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ. Lọ́dún 1909, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Northcote Thomas wá sí gúúsù Nàìjíríà pé kó wá kọ́ nípa àṣà àti ìran àwọn èèyàn, kí ìjọba lè mọ bó ṣe máa darí wọn. Ilẹ̀ Ẹdó ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ló lọ sáàárín àwọn Ìgbò, ó sì parí rẹ̀ sí Sierra Leone ní 1915. Fọ́tò tó yà lé ní ẹgbẹ̀rún méje. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó ní kí èèyàn kọjú sí kámẹ́rà, kó tún fi ẹ̀gbẹ́ hàn, wọ́n á sì gbé nọ́ńbà kan sókè orí rẹ̀. Ẹ ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, ti ọ̀daràn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn wọ̀nyí ò jalè, wọn ò pààyàn. Inú ìlú wọn ni wọ́n jókòó sí tí àjèjì wá bá wọn.

Ibi tọ́rọ̀ náà wá dùn sí ni pé Thomas ní ìwé àkọsílẹ̀, nínú ìwé yẹn ló sì ti kọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn síwájú nọ́ńbà. Nítorí náà, orúkọ ò sọ nù pátá, wọ́n kàn yà á kúrò lára ojú ni. Lẹ́nu ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ikọ̀ olùwádìí kan tí Paul Basu darí kó ẹ̀dà àwọn fọ́tò náà padà lọ sí àwọn ìlú tí Thomas dé. Wọ́n fi hàn wọ́n, wọ́n ka orúkọ, àwọn kan sì rí bàbá tó bí bàbá wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ẹni tó ti ń jẹ́ nọ́ńbà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Cambridge láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún tún di Bàbá ní ìdílé rẹ̀. Ìpàtẹ tí wọ́n fi iṣẹ́ náà ṣe ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021.

Ẹ dákun, ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ ń kó fọ́tò sí lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ wo orúkọ tí fóònù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. IMG, lẹ́yìn náà nọ́ńbà. Mi ò sọ nǹkan kan o. Tí fọ́tò ìyá àgbà bá sì wà nínú báàgì tàbí nínú àpótí nílé yín, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pe orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Bíírò máa ń yọ sójú tó bá yá.

Mo fi èyí tó dùn sẹ́yìn. Ìlú Ìbìní la ń lọ. Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí lọ́dún 1911, ọ̀dọ́ ló wà l’Ékòó nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, kó tó padà sílé. Lọ́dún 1933, ó di onífọ́tò ààfin lásìkò Ọba Akenzua Kejì. Lọ́dún 1942, ó ṣí sítúdíò tó pè ní Ideal Photo Studio. Òun ló ń ya ọba, òun náà ló ń ya tíṣà, akọ̀wé, ìyàwó ọ̀ṣìngín àti ọmọ tuntun. Ó ń lo nẹ́gẹ́tíìfù onídíńgí, ó sì máa ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí àwọn fọ́tò kan. Ó kú lọ́dún 1994. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Smithsonian ní Washington ṣe ìpàtẹ àwọn fọ́tò rẹ̀ lọ́dún 2014.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìpàtẹ yìí ni pé àwọn tó ṣe é ò jókòó sí Washington máa méfò. Wọ́n lọ bá àwọn ará Ìbìní, wọ́n ní kí wọ́n bá wọn wo ojú àwọn èèyàn náà. Bí wọ́n ṣe rí orúkọ kọ nìyẹn.

Lọ́dún 2017, wọ́n wá gbé àwọn fọ́tò náà wálé, sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìbìní gan-an. Ní Washington, àlejò ló ń wo àlejò. Ní Ìbìní, ẹni tó bá wọlé lè jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tó wà lára ògiri, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n yà ní kékeré fúnra rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti wá funfun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kọ́kọ́ ka káàdì. Tó bá sì wá kà á tó rí i pé wọ́n ṣi orúkọ kọ, ó ní ẹni tó máa pè.